Ohun Tó Pa Ẹja Esther

                                        Ulé Afọláyan,
                                        Òkè-Ọ̀ṣun,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Mojírádé, ọ̀rẹ́ mi látìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Gbogbo ará ulé níbí ń kí yín. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn, ṣùgbọ́n ara wa le, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ìròyìn Esther, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Bánjọ, á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ń sọ pé torí ẹja ló ṣe kọ ọkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú mi ló ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

O rántí àpótí gíláàsì olómi tí wọ́n gbé bọ̀ láti Èkó nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní pílẹ́kò, tí ara rẹ̀ le bí awọ ọ̀nì, tó máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí á máa họ ìdọ̀tí ibẹ̀ jẹ. Esther ló ni ín. Kékeré ló rà á, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ti ń jẹ kùkúńbà.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ra òmíràn bọ̀ láti Àkúrẹ́. Akọ ni bíi ti Esther, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Ẹni tó tà á kìlọ̀ pé akọ méjì ò lè gbé inú omi kan bí ibẹ̀ ò bá fẹ̀, bí kálukú ò bá sì ní ihò tó lè sá sí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló sọ ọ́ fún wa, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àfọ́kù ìkòkò méjì wà nínú omi náà. Wọ́n yọ ọ̀kan. Wọ́n wá fa àga síwájú gíláàsì, wọ́n jókòó.

Ẹja ńlá yẹn ní ẹ̀gún wínníwínní lẹ́rẹ̀kẹ́. Bó bá ti na ẹ̀gún náà, á rọ́ lu ti Esther, á máa gbo ó mọ́ gíláàsì. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, lẹbẹ rẹ̀ ti fàya bí àkísà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bó, ó pọ́n. Esther bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya ẹja méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èyí tí kò bá lè jà, kó kú."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ lo ọjọ́ mélòó kan ní Adó, Esther gbé ẹja rẹ̀ sínú bàsíà omi mímọ́, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọgbẹ́ náà ti ń san kí wọ́n tó dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, Mojí. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà, kó sì wá jókòó ti àwọn. Mo ní kí wọ́n ṣàánú, wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́ nílé àwọn. Esther dá a padà. Ẹja ńlá náà ò tilẹ̀ jẹ́ kó balẹ̀. Ojú kan ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà, ikùn. Bí Esther bá ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á di àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọ́n á yí i padà sí gíláàsì. Nígbà tí ẹja náà ò mira mọ́, wọ́n ní kó lọ gbé oúnjẹ wá. Ó gbé e wá. Ó bu omi ìfọwọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ló mú báàgì rẹ̀, ó lọ dúró de ọkọ̀ Òmùò, ìlú àwọn òbí rẹ̀, lójú títì.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Wọ́n ní ẹja lẹja, pé àwọn ò na ẹnikẹ́ni, pé ebi á dá Esther padà. Ẹja tó ṣẹ́gun náà fara gbọgbẹ́. Nǹkan funfun bí òwú ti ń hù lára rẹ̀, wọn ò sì pààrọ̀ omi rẹ̀. Ibi tí wọ́n á ti rí òmíràn rà ni wọ́n ń bèèrè.

Làwọn ẹbí bá rán mi sí Òmùò pé kí n lọ bẹ Esther. Mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi lómi mu, ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n yín ò wo ẹja lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń wò."

N ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tí mo padà délé, mo ní n ò bá a nílé.

Bá mi kí àwọn ọmọ, Dàpọ̀ àti Favour, kí o sì kí Màmá kú ìsinmi. Lọ́jọ́ Ajé, Esther ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ láti wá iṣẹ́. Jọ̀ọ́, gbà á sílé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè ọ́ lórí fóònù, o ò rí i.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Motọ́láyọ̀