Fọ́tò Mẹ́rin fún Òfin Ìlú Ọba

Bahra, lójú ọ̀nà Mẹ́kà,
Àárín oṣù Ṣàábánì, 1996.

Látífàt, ọmọ mi àtàtà,

Ọlọ́run tó mú ọ wọ inú òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò ní jẹ́ kí òtútù náà wọ inú ọkàn rẹ. Àmín. Gbogbo wa ló kí ọ. Ìyá rẹ Múríkàtù ní orúnkún òun ti fúyẹ́, kí o má dààmú. Èmi náà ṣì ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó táyà sí, àwọn ọ̀gá ò tíì dárúkọ àfikún owó oṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Lẹ́tà rẹ ni.

Mo kà á títí ó fi ń ya. O ní iṣẹ́ ìwé rẹ báyìí dá lórí àwọn òfin tí Ìlú Ọba ṣe lẹ́yìn ogun Hítílà, bí wọ́n ṣe dáwọ́ yíyẹgi fún apànìyàn dúró nígbà tí ọ̀pọ̀ aráàlú ṣì fẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ́ fún wọn. O ní wọ́n máa ń lọ bi àwọn èèyàn pé kí lèrò wọn. Mo rò ó títí: tí ìjọba ò bá ní ṣe ohun tí aráàlú sọ, kí ni wọ́n ń bi wọ́n sí? Ìyá rẹ ní kí n má bú ẹnikẹ́ni, pé bí èmi náà ṣe máa ń bi òun pé kí ni kí n rà bọ̀ nìyẹn, tí ẹ̀wà fúùlù náà ni màá sì tún rà bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gún mi ni ti ìkọ̀sílẹ̀. O ní tẹ́lẹ̀, àfi kí tọkọtaya ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ara wọn lọ́rùn níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n òfin tuntun ní tí wọ́n bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì, ó lè parí. Látífàt, mo fi ìka ṣírò. Ìwọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Habeebullah ọkọ rẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, oṣù tó ń bọ̀ ló pé ọdún méjì. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ yìí: ìwé ìkámà tí a fi ń gbélùú, tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé tí o ò sọ ọ́ dọ̀tun, ó kú nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ bóyá o ṣì fẹ́ ẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbéyàwó ṣe rí lọ́dọ̀ wọn, pé ọjọ́ á kàn pé, òfin á sì tú u ká, bí ẹ̀yin méjèèjì tilẹ̀ ń sùn.

Mo sáré lọ sí Jẹ́dà, sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù kan ní Al-Balad, kí n pè ọ́. Ohùn rẹ ló jáde, o ní o ò sí nílé. Mo ní Látífàt, ta ló wá ń sọ̀rọ̀? O ò dáhùn, nǹkan kan kàn han bí ẹyẹ. Mo bá ọ wí gidi gan-an, kí ará Yemen tó ni ṣọ́ọ̀bù tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni mò ń bá jà. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnu ara rẹ lo fi sọ pé o ò sí nílé.

Bí mo ṣe gba Mẹ́kà lọ nìyẹn, sí yàrá Habeebullah ní Al-Utaybiyah. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Mo mú ìwé yìgì yín dání, àti fọ́tò rẹ méjì tó ṣẹ́kù nígbà tí a ṣe ìkámà rẹ, mo ní kí òun náà mú méjì wá, nítorí kò sí ọ́fíìsì tí kì í gba fọ́tò mẹ́rin. Mo ní kó dìde ká lọ bá àwọn aṣojú Ìlú Ọba ní Jẹ́dà, ká sọ ìgbéyàwó dọ̀tun kí oṣù tó pé.

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ̀yin náà! Ó ní ta ló sọ fún yín pé ìgbéyàwó máa ń kan bíi mílíìkì? Mo na lẹ́tà rẹ sí i. Ó kà á, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka sórí ìlà kan tí mo ti fò nígbà tí àyà mi ń já, ó ní kí n kà á: tí àwọn méjèèjì bá gbà. Ó wá bi mí pé ṣé olùkọ́ rẹ lo kọ ọ́ sí ni, àbí òun. Ó ní gbogbo Jímọ̀ lòun náà ń bá ẹ̀rọ yẹn sọ̀rọ̀. Tíì ṣáì tó bù fún mi tutù síwájú mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá ire ni mo ṣe, pé bóyá iṣẹ́ ìwé lásán ni, tí mo sì fọwọ́ ara mi gbé iná wọ ilé tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, foríjì mí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀nà lò ń wá láti sọ fún wa, má fi òfin òyìnbó bojú, sọ ọ́ tààrà. Mi ò ní bínú kọjá bó ṣe yẹ.

Kí n tó kúrò, ọkọ rẹ kọ nǹkan sẹ́yìn ọ̀kan nínú fọ́tò tirẹ̀. Mo jẹ́wọ́, mo kà á: Èmi ò gbà. Òun nìyí nínú lẹ́tà yìí. Mo fi ọ̀kan tìrẹ tì í. Ẹ̀yìn tìrẹ ṣì funfun.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kí o bá mi wá owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kí o sì fi ránṣẹ́ sí ara rẹ. Ààwẹ̀ ti dé tán. Wá bá wa ṣínu, kí o fẹnu ara rẹ sọ èrò rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, ẹni tó wà nílé ni yóò ṣí i fún ọ.

Èmi ni, bàbá rẹ tó wà nílé,
Fàsásì.