Bàbá Ayọ̀ Kì Í Ṣe Olè

Ọjọ́rú, oṣù Kẹfà, 1993

Ìjọba gbà mí kí n máa gba ẹjọ́ tálákà rò ní kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ẹjọ́ wo ni mo wá rò lónìí yìí?

Bàbá Ayọ̀, àgbẹ̀ ará Uso tí ọlọ́pàá ní ó jí kòkó, ti pẹ́ ní àtìmọ́lé. Ẹsẹ̀ wọn ti wú. Kí adájọ́ tó wọlé, mo ní, "Bàbá, ẹ sọ pé ẹ jẹ̀bi. Adájọ́ á kìlọ̀ fún yín, ẹ ó sì sùn sílé lónìí."

"Ọmọ mi, oko bàbá mi ni mo ti ká kòkó yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Ẹni tí oko rẹ̀ àti ti Bàbá jọ pààlà wà níta, ó fẹ́ jẹ́rìí pé Bàbá ló ni kòkó náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ti rẹ̀ mí.

Bàbá gbà pé àwọn jẹ̀bi. Adájọ́ kìlọ̀ fún wọn, ó sì tú wọn sílẹ̀. Inú mi ń dùn, títí mo fi rí ìyàwó wọn tó fi gèlè bojú jáde.

Mo ní kí n fi mọ́tò gbé wọn dé Uso. Bàbá kọ̀.

"O ṣeun, o yọ mí lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ta ni yóò tún gbé e lé mi lọ́wọ́?"

Ìyàwó ṣáájú, ọkọ tẹ̀ lé e.

Ká ní bàbá tó bí mi ni, ṣé mà á ní kí wọ́n pe ara wọn lólè?