Bàálù Inú Páálí Ni Kí O Rà

Abà Àgbọn,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn Iléyá, 1994.

Jíbrílù Àkàndé, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé o jí dáadáa, ṣé Hàwáwù ìyàwó rẹ náà jí dáadáa, ṣé ara yín le, ṣé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí o ń tún ṣe ń lọ déédéé, ṣé ẹ ń rí omi pọn ní Lafiají yẹn, ṣé Àlíájà Àlímọ̀t onílé yín ò tíì fi nǹkan kún owó ilé? Mọ́tò Èkó kò ní rí yín gbá, iná ìjọba kò ní gbé yín, ẹ ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé sí gọ́tà, ẹni tó bá fẹ́ yọ owó lápò yín, ihò ni yóò bá níbẹ̀. Àmín. Àwa náà wà níbí. Ewúrẹ́ bímọ, atẹ́gùn ká páànù kan lórí ilé ìdáná, mo ti gbé òkúta lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló mú mi gbé bíírò. Inú ń bí mi sí ọ, Jíbrílù.

Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ ìwé yìí. Mi ò bẹ tíṣà tó máa ń bá wa kọ ọ́, torí ó máa ń tún ọ̀rọ̀ ẹni ṣe títí ìbínú yóò fi yọ kúrò nínú rẹ̀, èmi sì fẹ́ kí tèmi dé Èkó bó ṣe gbóná.

Hàwáwù kọ̀wé sí mi. Má bá a jà, èmi ni mo ní kó máa sọ fún mi. Ó ní bàálù kékeré tí o ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ti tún já, pé inú ọ̀sà ló já sí lọ́tẹ̀ yìí, ní Marina, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó so táì mọ́rùn, pé o bẹ́ sómi tọ̀ ọ́ tìwọ ti ṣòkòtò. Ó ní nígbà tí o délé tí omi ń kán lára rẹ, o ní kó sáré mú aṣọ ìnura wá, ó mú un wá, kámẹ́rà lo fi nù. Ó ní o ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn lórí tábìlì tí ẹ fi ń jẹun, orí itan ló ń gbé abọ́ lé báyìí, ó sì bu ẹ̀wà sẹ́nu níjọ́ kan, wáyà ló rún lẹ́nu. Àkàndé, ṣé torí èyí la ṣe lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ?

Ká ní eré lásán lo ń ṣe, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ ṣèlérí fún bàbá rẹ ní Iléyá èṣí. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí igi ti wó lu ẹsẹ̀ wọn nínú igbó ẹ̀yìn odò, wọn ò tíì padà débẹ̀. Àwọn tí gbogbo àgbègbè yìí ń fi odó tí wọ́n gbẹ́ gúnyán, wọn ò fọwọ́ kan àáké mọ́. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n kọjú sí ògiri, bí a bá kí wọn, wọ́n á dáhùn bí ẹni tó ń sanwó ọ̀rọ̀. Ìgbà náà lo wá sọ pé o máa ṣe bàálù tó lójú, pé yóò fò kọjá odò, pé nínú àga wọn ni wọn yóò jókòó sí tí wọn yóò máa wo gbogbo igi inú igbó wọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ jẹun, wọ́n sì tún béèrè ẹran. Wọ́n ní kí n yí àga àwọn kúrò lójú ògiri, kí n sì nu ojú tẹlifíṣọ̀n dáadáa, kí eruku má bàa bo igi. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò bá ti fọn fèrè lójú ọ̀nà, wọ́n á ní ṣé Jíbrílù ni. Iléyá yìí lo wá dé pẹ̀lú itan àgbò, o ní ó ku díẹ̀. Wọn ò bá ọ wí. Nígbà tí o lọ tán, wọ́n ní kí n bá àwọn yí àga padà sí ògiri. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ó wá ṣe jẹ́ tí o ò fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán? Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo wá wò yín. Kọ́lápọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló mú mi gba Ìsàlẹ̀ Èkó dé ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Marina, ó wà nínú páálí, wọ́n ya ọmọ òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín sára páálí náà. Ọmọ òyìnbó yẹn ò tutù, kò sì jẹ wáyà. Mo bi ọkùnrin tó ń tà á bóyá bàálù náà ti fò rí, ó ní wọ́n máa ń fi gbogbo wọn fò wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó dì wọ́n. Ṣé o rí i? Ó ti mọ̀ ọ́n fò kó tó kúrò nílùú rẹ̀! Tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, ìwọ lo sì ń kọ́ ọ. Ìwọ tí o kò fò rí, báwo lo ṣe fẹ́ kọ́ nǹkan ní fífò? Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Kọ́lápọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó iná mú. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

O ní èyí tó wà nínú páálí kò ní kámẹ́rà. Rà á bó ṣe fọ́jú, kí o wá là á lójú, ìyẹn ò ha yá ju kí o máa bí i látìbẹ̀rẹ̀ lọ? O ní bí èyí tí o rà bá bàjẹ́, o ò ní mọ bí wọ́n ṣe tò ó, ṣùgbọ́n èyí tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, kò sí eegun rẹ̀ tí o ò mọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà ńkọ́? Gbogbo eegun tìyẹn náà lo mọ̀, àwọn ẹja ló wá ń kà wọ́n báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò tíì gbàgbé. Lọ́jọ́ tí o fi èyí àkọ́kọ́ fò lókè Lafiají, o gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré síwájú mi, mo ń wo òrùlé, mo ń wo òrùlé, àfi bí mo ṣe rí obìnrin kan níwájú ilé yín tí gèlè rẹ̀ ti wọ́, èmi ni! Mo sáré tún gèlè ṣe, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí gbogbo ará ìlú, torí mo mọ̀ pé wọ́n á máa wò mí títí dé Ìbàdàn. O ní àwa nìkan ló rí i. Láti ìgbà wo ni tẹlifíṣọ̀n ti di ti yàrá kan ṣoṣo? Jọ̀wọ́, bá mi sọ fáwọn tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ pé wọ́n bá mi lójijì ni, bí wọ́n bá fẹ́ tún un fi hàn, kí wọ́n dúró kí n wọ léèsì.

Ibí ni mo bá ìwé yìí dé ní Àlàmísì. Òní ti di Àtàláátà, nǹkan mìíràn sì ti ṣẹlẹ̀.

O mọ̀ pé mi ò kì í fi ìwé ránṣẹ́ kí bàbá rẹ má gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kà á sí wọn létí, ògiri ni wọ́n ń wò. Mo wá mú ìwé Hàwáwù, mo ka ibi tó ti ní abẹ̀bẹ̀ onígi tó ń yí níwájú bàálù náà ló là sí méjì lókè tó fi já. Bàbá rẹ yíjú. Wọ́n ní igi wo ló fi ṣe é. Mo ní níbo ni kí n ti mọ̀. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, wọ́n pòṣé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ àwọn wá. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kí lẹ fẹ́ gé, wọ́n ní ṣé àwọn ò lè béèrè ọ̀bẹ nínú ilé àwọn mọ́ ni. Wọ́n rán mi lọ gé igi ahùn lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Jíbrílù, láti ìgbà náà mi ò sinmi. Èèpo igi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń pariwo mọ́ mi, pé kí n bu omi wá, kí n gbé òkúta ìpọ́nbẹ wá, kí n kúrò lójú ìmọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni àga wọn kọjú sí báyìí, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún, kò sì sẹ́ni tó nà mí.

Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti gbẹ́. Kí n má parọ́, ọ̀kan jọ ọmọrogùn, èkejì jọ ọmọ odó. Mo ní ó jọ pé ó nípọn, wọ́n ní kí ni mo mọ̀ nípa nǹkan tó ń bá atẹ́gùn jà. Bí ẹni pé àwọn náà mọ̀ ọ́n! Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo wá ṣèèṣì sọ pé mo ti ní kí Jíbrílù ra èyí tó wà nínú páálí. Ọ̀bẹ dúró. Wọ́n ní ṣé ìyẹn ní abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Mo ní ohun gbogbo ló pé síbẹ̀. Wọ́n rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ itan, wọ́n tún ń wo ògiri. Mo ní rárá o, mo gbàgbé ni, kò ní, kò lábẹ̀bẹ̀ kankan! Ó pẹ́ kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ padà.

Nítorí náà, má rà á. Mi ò ní pa ohun tí mo kọ sókè rẹ́, torí bébà wọ́n, àti pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n má rà á. Bí Kọ́lápọ̀ bá ti bá ọ rà á, kó gbé e pamọ́ sílé wọn ní Olówógbowó, mi ò fẹ́ kó gba ọ̀nà abà wa kọjá. Kí Hàwáwù ṣe sùúrù sí i pẹ̀lú tábìlì, màá wá bẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Fi owó ránṣẹ́. Owó sáńpépà, owó ọ̀bẹ tuntun torí èyí ti jẹ, owó epo tí wọ́n fẹ́ fi pa igi náà lára, àti owó léèsì tí mo sọ nípa tẹlifíṣọ̀n. Ọlọ́run Ọba yóò bùkún ọ, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́, ọmọ tìrẹ náà yóò fi ojú rere wò ọ́ lọ́jọ́ alẹ́, ìwọ àti Hàwáwù kò ní mọ ẹkún. Àmín.

Awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá ló gbé abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, nínú àpò ìrẹsì. Èyí tó jọ ọmọ odó ni bàbá rẹ fẹ́ràn jù. Mo gbé e wò, ó wúwo. Bí bàálù rẹ kò bá lè gbé e, bàálù ni kí o pààrọ̀, má fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdìjátù.