Olùbẹ̀wò Àjà Kọkànlá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Ẹrẹ́nà
"Nínú ilé yìí, ààbò ni baba, ààbò ni ìyá." Máníjà ilé wa ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ láyà, bí ẹni ń búra wọlé sípò. Láti òní lọ, Alága-Ààbò lorúkọ rẹ̀. Wákàtí kan kí ó tó dé, ọmọ ọmọ mi ti gbé àpótí sídìí fèrèsé ilé ìdáná, ó ti yọ orí àti èjìká síta — àjà kọkànlá! Etí aṣọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ rí gbá mú. Aṣọ ya. Ọmọ kò já bọ́. Èmi àti ọmọ mi, ìyá rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ti tún ń fa àpótí lọ.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Kì í sọ̀rọ̀. Dókítà ní ọ́tíìsìmù ni. Èmi ń pè é ní Olùbẹ̀wò, torí kò sí ìlẹ̀kùn, kò sí ẹ̀rọ omi tí kì í yẹ̀ wò. Àwọn olùbẹ̀wò ilé ìwé tó ń dà mí láàmú nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tó o. Àwọn yẹn sì máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
A ti kó gbogbo àga kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Pálọ̀ dà bí kíláàsì tí wọ́n fẹ́ fọ̀.

Ọjọ́rú, 5
Ìwà tíṣà kì í tán lára. Mo fi rúlà fa ìlà sórí ìwé, mo kọ MÁ ṢÍ gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé mẹ́rin. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: "Màmá, ta lẹ kọ ọ́ fún? Ṣé àwa ni àbí àwọn ẹyẹ?" Olùbẹ̀wò já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ká wọn dáadáa, ó tò wọ́n sínú bàtà mi. Èsì ìdánwò mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Alága-Ààbò mú ìkọ́ fèrèsé tuntun wá, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó yí i. "Màmá Tíṣà, ọmọdé ò lè ṣí eléyìí láéláé. Àgbà gan-an á làágùn." Ó wá fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Olùbẹ̀wò ò wojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọkùnrin náà kò tíì dé ìdí lífìtì tí mo gbọ́ "kẹ́!" Mo pè é padà. "Ó ṣèèṣì ni, Mà." Olùbẹ̀wò tún ṣí i níṣojú rẹ̀. Ta ló wá làágùn?

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀kọ́ mi kan ò wọlé tó báyìí. Ẹ̀rù bà mí. Orí mi sì wú. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ èyí kejì fún.

Ọjọ́ Ajé, 10
Wẹ́dà tí a pè láti jó irin dé. Obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. "Ẹ mú ọmọ lọ sí yàrá ná. Ẹni téèyàn ń fi nǹkan pamọ́ fún, wọn kì í pè é wá wo ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí." Alága-Ààbò, ṣé o gbọ́? Ó de irin mọ́ gbogbo fèrèsé: ìkúùkù á kọjá, orí ò ní kọjá. Ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́, nítorí ìjàǹbá iná. Ó wà lọ́rùn mi, lábẹ́ aṣọ. Bó ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bèèrè: "Kí ló tiẹ̀ ń wá lójú fèrèsé?"
Mo wo ìyá Olùbẹ̀wò. Ìyá rẹ̀ wò mí. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà — wẹ́dà ló bèèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná kí ojú mi lè bá tirẹ̀ dọ́gba. (Orúnkún mi ṣépè.) Ògiri nìkan ni mo rí. Bó bá ṣe èmi ni, màá gun àpótí. Ìlẹ̀kùn onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ tó lọ sí bàkónì, gíláàsì rẹ̀ kanlẹ̀. Kí la gbé dí i? Kọ́bọ́ọ̀dù ìwé mi.

Ọjọ́bọ̀, 13
A gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, wẹ́dà dè é mọ́ ògiri míì. Ó fi irin yí bàkónì ká, ó fi ìdábùú méjì sókè ìlẹ̀kùn. Mo lẹ téèpù pupa mọ́lẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí gíláàsì. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn ìlà náà, níhà pálọ̀. Ẹ̀kọ́: rìn, dé orí pupa, dúró, pàtẹ́wọ́. Kò sí àlàyé. Mo ń kọ́ láti pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ó kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mọkànlélógún.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Lẹ́ẹ̀mọkàndínlógún. Ìlọsíwájú ni.

Ọjọ́rú, 26
Ó dúró! Èmi ò sí nítòsí. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá ni mo ti ń yọjú wò ó. Ó dúró, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Alága-Ààbò mú àlejò méjì wá wo "ètò ààbò tí a ṣe." A! Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó kọjá ìlà, ó nawọ́ sókè, ó ṣí ìlẹ̀kùn bàkónì gbayawu. Atẹ́gùn wọlé. Olùbẹ̀wò sáré.
Orí pupa ni ó dúró sí. Ó nawọ́ gbá ṣòkòtò Alága-Ààbò mú, ó fà á sẹ́yìn, ó ń fà á, títí bàtà rẹ̀ méjèèjì fi dé ẹ̀yìn ìlà.
"Kí ni mo ṣe?"
"Ẹ kọjá ìlà, sà," ni ọmọ mi wí.
Olùbẹ̀wò pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àlejò náà pàtẹ́wọ́. Mi ò lè pàtẹ́wọ́. Ojú mi ni mò ń nù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí mo ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó wo ìta, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo rọra jókòó tì í. Ilé gogoro, aṣọ lórí okùn, àwọsánmà. Ó tún rẹ́rìn-ín.
Olùbẹ̀wò mi, kí lò ń rí lọ́hùn-ún?