Ìrókò Nínú Ilé Onítáyà

Ìlobù,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Olúbùnmi ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Kingsley ọkọ rẹ, mo sì gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì nínú àlàáfíà ní Ìlọrin. Ara tèmi le, àfi ọkàn tí kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti dìde kúrò nídìí ìwé yìí láìnídìí. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ti gbóhùn rẹ, ẹnu mi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti sùn nínú Olúwa, ilé yìí kò gbà mí mọ́. Mo ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀, mo ń ti pálọ̀ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Nígbà tí o ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, inú mi dùn ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó fọmọ fọ́kọ kì í tún gbé ẹrù tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ilé onítáyà tí àwọn tó ń ṣe títì fi sílẹ̀ ní Ìfọ́n, irú èyí tí mọ́tò máa ń fà kiri. Mo ní n óò gbé e wá sínú ọgbà yín, kí n wà nítòsí rẹ, síbẹ̀ kí n ní ilẹ̀kùn tèmi.

Àṣé ògiri inú rẹ̀ ti tú. Omi òjò ti ń gba etí fèrèsé wọlé, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ògiri dúró ti jẹrà, bí o bá sì fọwọ́ kan pláíwúùdù rẹ̀, á wọlé, á tún wú jáde. Jàlálù, káfíńtà tí mo kọ́ níṣẹ́ igi nílé ẹ̀kọ́, bá mi dí etí fèrèsé, a sì pààrọ̀ igi tó jẹrà. Ó ku ká fi pláíwúùdù tuntun bò ó. Èmi ní rárá, ìrókò ni. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ lèyí o, kì í ṣe ilé. Nǹkan tó fúyẹ́ ló fẹ́." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ni, àbí èmi ni mo kọ́ ọ?" N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin wo ilé mi kó pè é ní ahéré. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n, ìdúró ni mo sì ń jẹun títí a fi kàn án tán.

Mo mọ̀ pé Kingsley ti ròyìn Sátidé tó kọjá, tó gbé mọ́tò wá láti fà á. Kò ní sọ gbogbo rẹ̀ tán, torí kì í ṣe aláròyé. A ò tíì dé Ìlobù tí irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ fi tẹ̀, tí táyà kan bẹ́, tí ìrókò mi sì jókòó sójú títì. Àwọn ọlọ́kadà ń kí mi kú ewu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kingsley bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó rá wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó rọra ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi lè sùn nílé mi?" Mo kàn bu omi fún un pé kó fọwọ́.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ n gbádùn láti ọjọ́ náà. Olúbùnmi, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bàbá mi nípa ẹni tó fọmọ fọ́kọ yẹn, àwáwí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ṣì máa ń pe ìyá rẹ láàárọ̀ kí n tó rántí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má baà gbọ́.

Mo ti ní kí Jàlálù ta ilé onítáyà náà. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, èmi àti báàgì kan ṣoṣo.

Kí Ọlọ́run tó kó yín jọ má ṣe tú yín ká. Kí ẹ dàgbà, kí ẹ sì rí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún yín.

Èmi ni bàbá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Oyèdìran.

Mo tún rántí: ẹ má fi mí sí yàrá ẹ̀yìnkùlé o. Èyí tó bá sún mọ́ tiyín ni kí ẹ fún mi. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń pe ìyá rẹ láàárọ̀, ẹ bá mi dáhùn.