Kápúsù Tí Mo So Mọ́ Etí Ìró

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ọmọ yín tó wà ní Pópó Yemọja ló kúnlẹ̀ sínú ìwé yìí. Mo kí bàbá mi, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n fúyẹ́. Mo kí ìyá àgbà tí kì í sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi Rájí, ẹ̀yin lẹ máa kà á sókè fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibì kankan, bó ti wù kí ojú tì mí tó níbẹ̀. Ẹ kà á lójúde kí àwọn ìyàwó ilé náà gbọ́, torí gbogbo wa ní Ìgbòho la jọ ń ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé igbá oògùn kiri. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà. Ibi tí mo bá ṣi kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́nu.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Tí mo bá gun òkè Mápó, páànù pupa ni mò ń rí lọ títí eruku á fi gbé e mì. Ètè mi ti là. Ilé wa kún bámúbámú, síbẹ̀ kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ inú mi fún bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún yín tí a bá jọ ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn àbúrò ọkọ mi ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ará Òkè-Ògùn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ewúrẹ́. Mi ò bínú. Ọkọ mi ń tọ́jú mi. Ìyá rẹ̀, tí mo ń pè ní Màmá, ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba. Èmi ni mò ń gún un, èmi náà ni mò ń dì í sínú ọ̀rá.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyí. Ẹ mọ̀ pé káfíńtà lọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹyẹrúnkà. Kò pẹ́ tí a fẹ́ra tán ni mo rí i pé ó máa ń di abẹ́ ikùn mú tó bá gbé pákó. Nǹkan kan ń yọ níbẹ̀ bí ẹyin adìyẹ, tó bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Ó ti ń fi í pamọ́ tipẹ́. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní ìfun ló ń yọ gba ibi tí ara ti rọ̀, pé kò sí àgbo tàbí hóró oògùn tó lè dá a padà, àfi kí wọ́n là á kí wọ́n sì rán an.

Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàlàyé fún wa, ọmọbìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní kí ọkọ mi fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kó má sì jẹun. Ó ní kí ọ̀bẹ tó kàn án, àwọn á gún un ní abẹ́rẹ́ kan tó ń pa kòkòrò, kí kòkòrò má baà ráyè wọ ojú abẹ. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo mi orí. Ìyá mi, kò yé mi. Ẹni tí egbò ò tíì sí lára rẹ̀, oògùn egbò wo ni wọ́n fẹ́ fún un? Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti béèrè.

Nígbà tí a délé, ẹ̀rù ń ba Màmá ju ọkọ mi lọ. Wọ́n ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n àwọn rí, ojú abẹ náà jẹrà títí òórùn rẹ̀ fi gba yàrá. Wọ́n gba kẹ́míìsì lọ, wọ́n ra kápúsù pupa òun dúdú, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fún un ní méjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oògùn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó là á. Tó bá wá délé, kí n máa fún un lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ méje. Ìyàwó tuntun kì í bi ìyá ọkọ ní ìdí ọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lórí ìkúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà. Mo sì rò ó pé ọ̀rọ̀ wọn bá ti nọ́ọ̀sì mu: oògùn ló ń ṣáájú ọ̀bẹ.

Ibi tí ojú ti ń tì mí rèé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í lo oògùn sínú òfìfo. Mo po ẹ̀kọ mímu, ife kan péré. Ọkọ mi ní ṣé wọn ò ní kí òun má jẹun ni. Mo ní ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ. Àbí ta ló mu ẹ̀kọ nílé wa rí tó sọ pé òun ti jẹun? Ẹni tó mu ẹ̀kọ á ṣì máa béèrè pé kí la máa jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó òun ti di dókítà. Ó ju kápúsù méjì sẹ́nu, ó mu ẹ̀kọ náà tán.

Nígbà tí wọ́n bi í ní ọsibítù, ó ní òun ò jẹ nǹkan kan, ẹ̀kọ lásán lòun fi lo oògùn. Nọ́ọ̀sì ju bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá kun ènìyàn lóorun, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á sórí tábìlì. Mo gbọ́ “pa á”, mo di apá ọkọ mi mú. Ti kápúsù, ó ní abẹ́rẹ́ tàwọn ní àkókò tirẹ̀, ìgbà tí ọ̀bẹ bá kù díẹ̀ kó dé, kí agbára rẹ̀ lè wà níbi tí wọ́n ń là gan-an. Ó bi ọkọ mi pé ta ló ní kó lo kápúsù. Mo ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní òun fúnra òun ni. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, ká padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Ó parọ́ nítorí mi. A tún délé, ó sọ fún Màmá pé kò sí àyè ní ọsibítù. Màmá gbé ọ̀rọ̀ náà kiri Ọjà'ba, wọ́n ní àwọn ọmọ aláṣọ funfun wọ̀nyẹn ò mọ̀ ju kí wọ́n máa dá ènìyàn padà. Èmi ń di ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò lè gbójú sókè.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ mi ò tọ́ ẹ̀kọ wò. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan yẹn, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n gbé e jáde, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ká máa lọ, oògùn ara ríro nìkan ni wọ́n fún wa. Mo dúró, mo rò pé wọ́n gbàgbé ni. Mo gbìyànjú, mo béèrè oògùn ọjọ́ méje. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó ní fún irú iṣẹ́ abẹ ọkọ mi, kò sí ohun tí ọjọ́ méje máa fi kún un. Ó ní tí a bá ń lo oògùn bẹ́ẹ̀ láìnídìí, inú lè máa ṣí, kòkòrò á sì mọ ọgbọ́n rẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní ran kòkòrò náà mọ́. Tí ojú abẹ bá wú, tó ń yọ omi, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ká sáré wá.

Ìyá mi, gbogbo ẹ̀ dà rú mọ́ mi lójú. Oògùn láàárọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, oògùn lẹ́bàá ọ̀bẹ dáa, oògùn lẹ́yìn ọ̀bẹ ò wúlò. Mo wá rántí àká yín. Kí kòkòrò tó dé ìdí ẹ̀wà lẹ ti ń fi ata gbígbẹ sí i. Èyí yé mi. Ṣùgbọ́n ata yín máa ń wà nínú ẹ̀wà títí a ó fi sè é tán. Kí ló dé tí tiwọn fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti rán ibẹ̀ pa, ilẹ̀kùn ti tì. Mo tún mi orí. Ó yé mi dé ìdajì.

Nílé, Màmá ń béèrè láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, pé ṣé ó ti lò ó. Màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ ṣé mà. Wọ́n á gbà á sí pé ó ti lò ó. Kápúsù náà wà ní etí ìró mi, mo so ó ní kókó. Tí mo bá fún un, mo tàpá sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Tí mi ò bá fún un, tí ojú abẹ wá jẹrà, ta ló ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti Ìgbòho ni. Láràárọ̀ ni mò ń fọ ọwọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ, màá wo ojú abẹ náà láìfọwọ́ kàn án, màá gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná. Lọ́jọ́ kan mo tú kókó náà, mo mú kápúsù kan jáde. Ó wà láàárín ìka mi títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo dá a padà.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, Màmá bá wa lọ. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó gbẹ táútáú. Màmá ní Alhamudulilahi. Wọ́n ní ẹ ò wá rí bí kápúsù àwọn ṣe ṣiṣẹ́, pé ọpẹ́lọpẹ́ àwọn, ọsibítù ò fún ọmọ àwọn ní nǹkan kan. Ọkọ mi wo mí. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo tú etí ìró mi, mo da kápúsù sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo rẹ̀ ló pé àfi méjì. Wọ́n bi mí léèrè méjì náà, mo bá jẹ́wọ́ ẹ̀kọ. Mo ní ọsibítù kọ́ ló dá wa padà lọ́jọ́ kìíní, èmi ni.

Màmá dìde, wọ́n jáde. A gba Bẹ́ẹ̀rẹ́ padà, wọn ò fọhùn. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi pè mí síbi ọṣẹ. Mo sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, pé tí ìyá òun bá ń bínú, ariwo ni wọ́n ń pa, pé tí wọ́n bá dákẹ́, wọ́n ń rò ó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n po ẹ̀kọ wá. Mo gbé e wá lórí ìkúnlẹ̀. Lójú gbogbo ilé, wọ́n ní ìyàwó, ṣé oúnjẹ lèyí àbí kì í ṣe oúnjẹ. Mo ní oúnjẹ ni, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí wọn, wọ́n ní ife ẹ̀kọ kan ìbá gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n wá ní kí n sún mọ́ àwọn, kí n sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí tó yé mi. Nígbà tí mo dé ibi tí kò yé mi, mo ní mà, ibí yìí ò yé mi. Màmá mu ẹ̀kọ díẹ̀. Wọ́n ní kò yé àwọn náà, pé tí ọkọ mi bá tún máa lọ, a ó jọ lọ béèrè ni.

Ìyá mi, agolo mílíìkì tó wà lórí àjà yín, tí kápúsù wà nínú rẹ̀, èyí tí a máa ń tú ìyẹ̀fun rẹ̀ sórí egbò, mi ò ní kí ẹ dà á nù. Mi ò tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó tún tú u, ẹ kàn bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má mi orí bíi tèmi.

Ẹ bá mi kí ìyá àgbà, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí ẹni tó ń sùn lórí ẹní mi báyìí. Ọkọ mi ní kí n kí yín, ó ti ń rìn nàró. Kí Ọlọ́run máa ṣáájú ohun gbogbo tó ń bọ̀ wá bá yín, bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe ṣáájú ọ̀bẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàdíátù.