Actor Kì Í Kú

Bàámi, ẹ kú ilé. Ara mi le.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Bàbá arúgbó dúdú kan tí mò ń wẹ̀ fún nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Calgary níbí ṣe fíìmù cowboy ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Nínú gbogbo fíìmù rẹ̀, á di ẹṣin mú fún ọ̀gá òyìnbó, wọ́n á sì yìnbọn pa á.

Ní airport lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ níbí, ẹ ní èmi ni actor, pé actor kì í kú. Ta ló tàn yín jẹ? Gbogbo ẹni tó wà nínú fíìmù ni wọ́n ń pè ní actor níbí, títí kan ẹni tó kọ́kọ́ kú!

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹṣin ò tíì já mọ́ mi lọ́wọ́.

Máyọ̀kún